Fífi Àwọ̀ Inú Sípírítì Kun Igi

Ẹ̀kọ́ yìí wà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi igi ṣe nǹkan. Káfíńtà wà nínú rẹ̀, agbẹ́gilére wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó kàn fẹ́ gbẹ́ ọpọ́n ayò kan sí ilé ara rẹ̀. Ẹ rọra kà á. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ pín in sí wẹ́wẹ́ bí a ti ń ṣe é ní kíláàsì, kí ẹ sì tún un kà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni a fẹ́ sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dà. Ohun méjì ni wọ́n. Ọ̀dà a máa jókòó sórí igi bí amọ̀ tí a fi rẹ́ ògiri. Bí a bá kun igi ní ọ̀dà tán, a kò rí ojú igi náà mọ́. Ìbáà jẹ́ ìrókò, ìbáà jẹ́ pákó àtijọ́ tí a yọ lára àpótí ọṣẹ, bákan náà ni gbogbo wọn rí. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí a pò mọ́ sípírítì kì í jókòó sórí igi. Inú igi ni ó ń wọ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí aró ti ń wọ inú aṣọ. Aláró kì í fi aró bo aṣọ mọ́lẹ̀. Òwú aṣọ náà ni ó ń mu aró yó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni igi ń mu àwọ̀ yìí. Nígbà tí ó bá gbẹ, gbogbo ìlà ara igi ṣì wà níbẹ̀ kedere, àwọ̀ wọn nìkan ni ó yí padà.

Kí ló dé tí a fi ń lo sípírítì, tí a kò lo omi? A lè lo omi o. Àwọn àwọ̀ kan wà tí omi ni ó ń yòrò wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti da omi sí igi tí ó fá dán rí yóò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀: irun igi á dìde. Igi tí ń dán tẹ́lẹ̀ á wá rí ṣágiṣàgi bí àgbọ̀n ẹni tí kò fá irùngbọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta. Sípírítì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ń yára gbẹ. Kí ènìyàn tó jẹ àwo ẹ̀bà kan tán, ó ti gbẹ. Yíyára gbẹ yìí dára, ó sì ní wàhálà tirẹ̀. A ó dé ibẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn àwọ̀ oníyẹ̀fun tí à ń rà lọ́jà ní ìtàn kan lẹ́yìn. Ní ọdún 1856, ọmọkùnrin ará Lọ́ńdọ̀nù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Henry Perkin, ọmọ ọdún 18, ń wá ọ̀nà tí yóò gbà fi ohun tí ó wà nínú ọ̀dà èédú ilẹ̀ ṣe kuníìnì. Ọ̀dà èédú yìí dúdú, ó ń fà, ó jọ èyí tí wọ́n ń dà sójú títì. Kuníìnì sì ni oògùn ibà ìgbà náà, láti ara èèpo igi kan ni wọ́n ti ń rí i. Perkin kò rí kuníìnì. Ìdọ̀tí dúdú kan ni ó rí nínú ìgò rẹ̀. Nígbà tí ó fi sípírítì fọ ìgò náà, ni sípírítì bá di àwọ̀ àlùkò. Ọmọdé mìíràn ìbá dà á nù. Òun kò dà á nù, ó fi kun aṣọ, àwọ̀ náà sì mú. Lẹ́yìn tirẹ̀ ni àwọn mìíràn ṣe pupa, búráùn, dúdú, àti oríṣiríṣi mìíràn láti inú ọ̀dà kan náà. Ẹ ò rí i pé ibà, tí ó ti ń da àwa ìhín láàmú láti ọjọ́ pípẹ́, ni ó ṣí ọ̀nà àwọ̀ tuntun fún gbogbo ayé!

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó nìkan ni àwọ̀ inú sípírítì wà. Ẹ bu osùn lílọ̀ sínú omi, kí ẹ sì rò ó. Yóò kàn rú ni; bó bá ṣe díẹ̀, á silẹ̀. Ẹ wá bu òmíràn sínú sípírítì, kí ẹ dé ìgò náà pinpin di ọjọ́ kejì. Sípírítì náà á pọ́n. Ohun tí ó pọ́n nínú osùn kì í yòrò nínú omi, ṣùgbọ́n ó ń yòrò nínú sípírítì. Atalẹ̀ pupa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí a bá gún un, tí a sì rẹ ẹ́ sínú sípírítì, àwọ̀ ìyeyè tí ó mọ́ rekete ni yóò mú jáde. Àléébù rẹ̀ kan ni pé oòrùn tètè ń mú un ṣá, nítorí náà kò yẹ fún ohun tí yóò wà níta. Ẹ̀lú ní tirẹ̀ kò gbà fún sípírítì rárá. Àwọn ìyá aláró mọ̀ pé aró kì í jáde láìsí omi eérú àti ọjọ́ mélòó kan nínú ìkòkò. Kí ẹ má bá fi ẹ̀lú ṣòfò sínú ìgò sípírítì.

Àwọn agbẹ́gilére wa ti ń kun igi kí Perkin tó gòkè. Ẹni tí ó bá ti rí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, tí ó kú ní 1938, ní àwọ̀ lára pẹ̀lú. Ìlẹ̀kùn tí ó gbẹ́ sí ààfin Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìfihàn ńlá kan ní Wembley ní 1924, ó sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù di òní. Àwọ̀ tiwọn jókòó sórí igi bí ọ̀dà ni, nítorí náà a ó fi wọ́n sílẹ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú iṣẹ́ kan, kí a bá a rìn láti ìbẹ̀rẹ̀. A mú ọpọ́n ayò. Kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n: ihò 12, mẹ́fà lápá ọ̀hún, mẹ́fà lápá ìhín, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. A fẹ́ kí ọpọ́n náà pọ́n bí ọ̀gànwó, ṣùgbọ́n igi arère ni a fi gbẹ́ ẹ, nítorí pé arère rọ̀, kò wọ́n, ó sì funfun díẹ̀. Igi tí ó funfun ni ó ń gba àwọ̀ dáadáa. Arère dára, àfárá dára. Ìrókò ti ní àwọ̀ tirẹ̀. Bí ẹ bá da àwọ̀ sí i, kì í ṣe àwọ̀ inú ìgò ni ẹ ó rí, bí kò ṣe àdàlù àwọ̀ ìgò àti ti ìrókò. Ní ti wa, igi ìrókò tí ó dára kò nílò àwọ̀ kankan. Fífi pupa kun ìrókò dà bí fífi ṣúgà sínú oyin.

Ọ̀rọ̀ ìwà ni èyí tí ó kàn, ẹ jọ̀wọ́. Bí arère bá pọ́n bí ọ̀gànwó, arère ṣì ni. Ikán tí ń jẹ arère kò ní wo àwọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ kì í lé ikán, kì í lé kòkòrò, kì í sì í sọ igi rírọ̀ di líle. Ẹni tí ó bá ta àga arère fún oníbàárà ní iye owó ọ̀gànwó ti jalè, bí ọwọ́ rẹ̀ tilẹ̀ mọ́. Ẹ sọ fún oníbàárà pé, “Arère ni, mo fi àwọ̀ sí i.” Púpọ̀ nínú wọn yóò rà á náà, nítorí pé ó rẹwà, kò sì wọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀. Sáńpépà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ti máa ń ṣe ọ̀lẹ. Ẹ wo ẹ̀yìn sáńpépà: nọ́ḿbà wà níbẹ̀. 80 ni ó gbò jù nínú àwọn tí a ó lò, ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí 120, kí ẹ tó lọ sí 180. Bí nọ́ḿbà bá ti ń pọ̀ sí i ni ojú sáńpépà ń kúnná sí i. Ẹni tí ó mọ nọ́ḿbà kà nìkan ni ó lè ra èyí tí ó yẹ láìjẹ́ pé ọlọ́jà tàn án. Ẹ máa fi sáńpépà tẹ̀lé ìlà igi, ẹ má fi dá a lábùú. Ipa sáńpépà tí ó dá ìlà igi lábùú kì í hàn lójú igi funfun, ṣùgbọ́n bí àwọ̀ bá ti kàn án, gbogbo rẹ̀ á yọ síta bí ilà ojú. Bákan náà ni gúlúù. Bí gúlúù bá kán sí ara igi, ibẹ̀ kò ní mu àwọ̀. Yóò funfun bí ibi tí adẹ́tẹ̀ ti ń jó sí ni. Ẹ fá a kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ń fá igi, pàápàá ìrókò, ẹ fi aṣọ bo imú; ẹbu rẹ̀ a máa mú ènìyàn sín, a sì máa yún ni lára.

A ti dé ibi tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀kọ́ yìí. Bí ẹ bá ń sáré kà bọ̀, ẹ dúró díẹ̀.

Sípírítì tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn oníkáfíńtà, tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jọ àlùkò, kì í ṣe ọtí. Ọtí ni ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ṣe é ti fi oró kan sí i kí ẹnikẹ́ni má baà mu ún. Methanol ni orúkọ oró náà. Methanol kì í ní ìtọ́wò kan tí yóò kìlọ̀ fún ni, ọtí ni ó ń jọ lẹ́nu. Ìwọ̀n ṣíbí tíì méjì péré nínú ojúlówó rẹ̀ lè fọ́ ojú àgbàlagbà pátápátá. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè pa á. Ní ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ojú àwọn ènìyàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, orí ń fọ́ wọn, wọ́n sì ń kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀ ni wọ́n rí i pé ó fà á.

Nítorí náà, ẹ ka ara ìgò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni a fẹ́ kí ẹ mọ̀ bí ẹ ti mọ orúkọ yín. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín ní lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ojú yín lè mọ̀ wọ́n láìjẹ́ pé ẹ pín wọn.

POISON. Èyí ni májèlé. Ohun tí a bá kọ ọ́ sí lára kò gbọdọ̀ dé ẹnu.

FLAMMABLE. Èyí ni ohun tí ń tètè gbiná.

INFLAMMABLE. Ẹ ṣọ́ra fún èyí. Àwọn tí ó ti ka Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ máa ń rò pé IN tí ó wà níwájú rẹ̀ sọ ọ́ di ohun tí kì í gbiná. Irọ́ ni. Ohun kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ: ó ń gbiná. A ti rí àwọn olùkọ́ pàápàá tí wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀, nítorí náà kí ojú má ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ má ṣe da sípírítì sínú ìgò ọtí, ẹ má dà á sínú ìgò mínírà, ẹ má dà á sínú ìgò omi. Àwọ̀ pupa tí a pò sínú ìgò mínírà á jọ ohun mímu lójú ọmọdé. Bí ó bá di dandan kí ẹ dà á sínú ìgò mìíràn, ẹ lẹ bébà mọ́ ọn lára, kí ẹ kọ “MÁJÈLÉ” sí i gàdàgbà gàdàgbà, kí ẹ sì gbé e sókè ibi tí ọwọ́ ọmọ kò tó. Ẹ wá mọ̀ pé ìwé tí ẹ kọ́ yìí wúlò fún ju kíka lẹ́tà lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì mu ún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì sọ pé nǹkan ń ṣe òun. Methanol kì í sábà fi ara hàn kíákíá. Ó lè di ọjọ́ kejì kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Ẹ mú ìgò náà dání fún dókítà. Epo pupa kò lè pa oró rẹ̀, wàrà kò lè pa á. Ẹ má fi wọ́n pẹ́ lọ́nà.

Iná rẹ̀ náà ní ẹ̀tàn. Bí sípírítì bá ń jó lójú ọ̀sán, iná rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn, ènìyàn lè na ọwọ́ sí i láìmọ̀. Òórùn rẹ̀ tí ń fẹ́ nínú yàrá lè gbiná láti ọ̀dọ̀ fìtílà tí ó jìnnà díẹ̀. Ìta ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, tàbí kí ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu. Kí sìgá má sí níbẹ̀, kí àdògán má sí níbẹ̀. Ẹ gbé korobá omi kan sí ìtòsí. Iná sípírítì ń gbọ́ ti omi, kò dà bí iná epo bẹntiróòlù.

Ó tó ti ìkìlọ̀. Ẹ jẹ́ kí a po àwọ̀.

Ní ọjà, àwọ̀ máa ń wá ní ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ti yòrò tẹ́lẹ̀ nínú ìgò kéékèèké tí àwọn ayàwòrán ń lò. Ó wọ́n, ìgò kan kò sì lè kun àga kan tán. Ìkejì ni ìyẹ̀fun. Ìyẹ̀fun ni a fẹ́ fún káfíńtà. Ẹ bi ẹni tí ń tà á bóyá ti sípírítì ni tàbí ti omi, nítorí pé wọ́n jọra lójú. Bí kò bá mọ̀, ẹ gba bíńtín, kí ẹ dà á sínú sípírítì díẹ̀ nínú ìgò tí ó mọ́. Bí ó bá yòrò tí ojú ìgò sì mọ́ gaara, ti sípírítì ni. Bí ó bá silẹ̀ bí iyanrìn, ti omi ni, ẹ má rà á.

Ṣíbí tíì kan tí ó kún pẹrẹsẹ nínú sípírítì ìdámẹ́rin lítà kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Ṣíbí náà kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́. Ẹ dé ìgò náà, ẹ mì í, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ wá fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Àwọn kan á bi wá pé ṣé a kò lè lo ògógóró, kí owó lè dínkù? Rárá. Omi pọ̀ nínú ògógóró. Yóò jí irun igi dìde, bí a bá sì fi rẹ ṣẹ́lákì, kò ní yòrò dáadáa.

Àwọ̀ mẹ́ta ni ìyá gbogbo àwọ̀: pupa, ìyeyè, búlúù. Pupa àti ìyeyè a máa bí àwọ̀ ọsàn. Ìyeyè àti búlúù a máa bí àwọ̀ ewé. Búlúù àti pupa a máa bí àlùkò. Bí ẹ bá po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ ó rí búráùn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé igi náà ní àwọ̀ tirẹ̀, ó sì ń bá yín pò ó láìjẹ́ pé ẹ pè é. Arère ní ìyeyè díẹ̀ nínú. Bí ẹ bá fi búlúù sí i, ẹ ó rí i pé ó ń fà sí àwọ̀ ewé. Fún ọpọ́n ayò wa, a pò ó báyìí: pupa ṣíbí kan, ìyeyè ṣíbí kan, nínú sípírítì ìdajì lítà. Ó mọ́lẹ̀ jù, bí ata rodo. A wá kán dúdú díẹ̀díẹ̀ sí i, ó sì rọlẹ̀ di àwọ̀ ọ̀gànwó. Dúdú ni kí ẹ máa kán, ẹ má dà á. Èyí tí ó bá ti wọlé kò ṣeé yọ mọ́.

Ẹ má ṣe fi ọpọ́n dán an wò. Ẹ mú àjákù igi kan náà, kí ẹ fi sáńpépà kan náà fá a, kí ẹ fi àwọ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tún fi pọ́líìṣì sí i. Àwọ̀ tí ó gbẹ láìsí pọ́líìṣì máa ń ṣá lójú bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Pọ́líìṣì ni ó ń jí i. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àjákù náà. Tiwa rèé:

“Arère. Pupa ṣíbí 1. Ìyeyè ṣíbí 1. Dúdú, ẹ̀kán 20. Sípírítì ìdajì lítà. Kíkun 2.”

Káfíńtà tí kò mọ̀wé kọ orí ni ó fi ń rántí. Bí oníbàárà bá padà wá lọ́dún tí ń bọ̀ pé, “Ẹ ṣe àga mẹ́rin sí i fún mi, kí ó bá ti àkọ́kọ́ mu,” orí á ti gbàgbé. Àjákù igi kì í gbàgbé. A mọ ọ̀gá káfíńtà kan tí ó wọ kíláàsì wa pẹ̀lú irun funfun lórí. Lónìí, irú àjákù bẹ́ẹ̀ tí ó gbé kọ́ ara ògiri rẹ̀ lé ní 30. Àwọn oníbàárà ń fi ìka yan àwọ̀ lára wọn bí ẹni yan aṣọ.

Nínú kíkun, ohun kan wà tí ó ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Igi tí a gé ní ìbú ń mu àwọ̀ ju ẹ̀gbẹ́ igi lọ, nítorí pé ẹnu àwọn ọ̀nà omi inú igi ni ó ṣí síta níbẹ̀. Orí méjèèjì ọpọ́n ayò á mu ún, á dúdú. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, apá méjì á dúdú, apá méjì á mọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tí ó kùn ún. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ fi sáńpépà tí ó kúnná, bíi 220, fá ibẹ̀ ju ibi yòókù lọ, kí ẹ sì fi sípírítì lásán rin ibẹ̀ kí ẹ tó fi àwọ̀ kàn án. Ibi tí sípírítì ti kún tẹ́lẹ̀ kò ní lè mu àwọ̀ ní àmuyó. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn òkùnkùn inú ihò yẹn, wọ́n ní ó jẹ́ kí ọmọ ayò hàn. Ó kù sọ́wọ́ yín.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ ki àkísà tí kò ní irun bọ inú àwọ̀, ẹ fún un díẹ̀ kí ó má máa kán, kí ẹ sì fi nù ún láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì láìdúró. Wàhálà yíyára gbẹ tí a sọ lókè nìyí. Bí ẹ bá dúró láàárín, kí ẹ lọ dá ẹnìkan lóhùn, ibi tí ẹ dúró sí á ti gbẹ. Nígbà tí ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ á gun orí àwọ̀, ìlà dúdú kan á sì wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún ará ilé pé kí wọ́n má pè yín. Bí ìlà bá ti wọlé, ẹ fi àkísà tí ẹ rin sínú sípírítì lásán nù ún kíákíá. Yóò rọ̀ díẹ̀. Kíkun méjì tí kò ki sàn ju ẹyọ kan tí ó ki lọ.

Ó wá ku pọ́líìṣì. Ṣẹ́lákì ni àwọn káfíńtà wa mọ̀ jù. Kòkòrò kékeré kan ní Íńdíà àti Táílándì ni ó ń sun ún sára ẹ̀ka igi, àwọn ènìyàn á hó o, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sọ ọ́ di pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Gíráàmù 250 nínú sípírítì lítà kan ti tó. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú. Ẹ má rẹ púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ṣẹ́lákì tí ó ti pẹ́ nínú sípírítì kì í le mọ́, ó kàn ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ni. Bí ẹ bá ń ṣiyè méjì, ẹ kán díẹ̀ sí ojú dígí. Tí ó bá di ọjọ́ kejì tí ìka ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ dà á nù.

Ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀ níbí. Sípírítì ni ó yòrò àwọ̀. Sípírítì náà ni ó wà nínú ṣẹ́lákì. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fi ṣẹ́lákì nu orí àwọ̀ náà? Sípírítì tuntun á tún jí àwọ̀ dìde, á máa kó o lọ kó o bọ̀. Nítorí náà, ní kíkun àkọ́kọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a lọ ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ má padà sórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Láti ìkejì lọ, èyí àkọ́kọ́ á ti bo àwọ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ lè wá máa fi òwú tí ẹ wé sínú aṣọ funfun dán an. Àwọn kan ń yẹra fún wàhálà yìí. Wọ́n ń da àwọ̀ díẹ̀ sínú ṣẹ́lákì fúnra rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá họ, igi funfun á yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì ṣe pọ́líìṣì ní ọjọ́ òjò. Ọ̀rinrin á wọ inú ṣẹ́lákì, ojú rẹ̀ á funfun bí ẹni pé wọ́n fọ́n èéfín sí i.

Inú ilé ni kí ọpọ́n náà máa gbé. Oòrùn ni ọ̀tá àwọ̀ yìí. Ohun tí a bá fi sójú fèrèsé á ṣá ju èyí tí ó wà ní igun yàrá lọ. Ẹ má fi àwọ̀ yìí kun inú abọ́ oúnjẹ, ọmọrogùn, tàbí ohun ìṣeré tí ìkókó lè fi sẹ́nu. Fún lílo ọpọ́n, àkísà gbígbẹ ni kí ẹ máa fi nù ún. Àwọn tí ń ta ayò lábẹ́ igi máa ń gbé ife sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ògógóró bá dà sórí ọpọ́n, á yòrò ṣẹ́lákì ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ omi tútù ni ife náà fi sílẹ̀, àmì funfun roboto ni ẹ ó rí. Ẹ rin aṣọ funfun sínú sípírítì, kí ẹ fún un títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ wá fi kan ojú ibẹ̀ fẹ́rẹ́ fẹ́rẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, láìtẹ̀ ẹ́ rárá. Àmì náà sábà máa ń lọ. Bí kò bá lọ, ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ di ọjọ́ kejì, ẹ fi sáńpépà tí ó kúnná jù lọ fá a díẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí ó dé ibi tí àwọ̀ wà, kí ẹ sì fi ṣẹ́lákì tuntun kùn ún.